Eré orí ìtàgé wo ni kí n mú màámi lọ wò ní London?

Ará_Woolwich

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ wo eré orí ìtàgé nílùú Ọba níbí. Màámi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù kẹfà, ọ̀dọ̀ wa ní Woolwich ni wọ́n máa wà, àwọn ọmọ mi ti ń pariwo London Eye àti Buckingham Palace pé ibẹ̀ ni Grandma máa ti ya fọ́tò. Kò burú, a máa lọ. Ṣùgbọ́n èmi mọ ẹni tó bí mi, tí ẹ bá fẹ́ kí inú màámi dùn dénú, ibi tí èèyàn ti ń ṣeré ni kí ẹ mú wọn lọ. Ọmọdé ni wọ́n wà tí bàbá wọn ti ń mú wọn lọ wo Ògúndé àti Dúró Ládípọ̀, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n bá wà ní kíṣìnì tí wọ́n ń já ẹ̀fọ́, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń ki Ṣàngó bí wọ́n ṣe kì í nínú Ọba Kòso, wọ́n á ṣe ohùn ọba, wọ́n á tún ṣe ohùn Ọya.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Wọ́n gbọ́ òyìnbó o, wọ́n ń kà á dáadáa pàápàá, ṣùgbọ́n òyìnbó tí wọ́n bá rọra sọ ni wọ́n ń gbọ́, tí àwọn ará ibí bá ti ń yára fi imú sọ ọ́, ẹnu wọn ni màámi á kàn máa wò. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé màámi kì í dákẹ́ wo eré. Wọ́n máa ń dá òṣèré lóhùn. Tí ọkùnrin kan bá ń purọ́ fún ìyàwó ẹ̀ lórí ìtàgé, ibi tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n á ti sọ fún un pé irọ́ lo pa. Bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi lọ wo eré nígbà kan nílé ìṣeré kan ní West End, àdúgbò àwọn ilé ìṣeré ńlá ní London, mo kàn rẹ́rìn-ín sókè díẹ̀, obìnrin tó wà níwájú mi yíjú padà, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Owó ńkọ́? Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àga kan ṣoṣo lé ní £100, àwa mẹ́rin sì ni. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní The Mousetrap, eré ìwádìí ẹni tó pààyàn, ni kí n mú wọn lọ wò torí òun ló pẹ́ jù lórí ìtàgé, ẹlòmíì ní Lion King, eré olórin nípa kìnnìún. Ó wu èmi kí wọ́n rí Shakespeare lójúkojú, orúkọ yẹn ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu wa látìgbà tí a wà nílé ìwé, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, èwo ni ṣíṣe?

Ìyá_Ìbejì_Croydon

Àǹtí mi, ẹ má dààmú ara yín jàre, Lion King ni. Láti 1999 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Lyceum Theatre, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan tó owó tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹranko á máa gba àárín èrò kọjá lọ sórí ìtàgé, erin, àgùfọn, àwọn ẹyẹ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá tí wọ́n ń fò lókè orí yín, orin Zulu ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, ìyá ọkọ mi dìde lórí àga wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èdè ò ṣòro níbẹ̀, àwọn ọmọ yín náà á gbádùn ẹ̀. Tí owó bá pọ̀ jù ẹ lọ sí TKTS ní Leicester Square, wọ́n máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀dínwó níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eré lẹ máa bá níbẹ̀ o, ẹ wo ìkànnì wọn kí ẹ tó jáde nílé.

Aṣọ́nà_Ìtàgé

Ẹ kú ìmúra de Mama. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo tíkẹ́ẹ̀tì kí n sì máa júwe àga fún èrò nílé ìṣeré kan ní West End, nítorí náà ohun tí mò ń fojú rí lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ kọ́kọ́ yan ilé kí ẹ tó yan eré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yan eré, tí wọ́n á sanwó tán, ìgbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa ni ojú wọn tó máa ń là. Ayé Ọbabìnrin Victoria àti ayé Edward ọmọ ẹ̀ ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé ìṣeré West End wọ̀nyí, ilẹ̀ há fún wọn, wọ́n wá kọ́ ọ lọ sókè, wọ́n tún gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀. Tí ẹ bá rí stalls, àwọn àga ìsàlẹ̀ tó kọjú sí ìtàgé, lórí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ ò ní ronú àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé yẹn, stalls wà nísàlẹ̀ títì, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ lọ bá a ni, ẹ ó sì tún gun un padà tí eré bá parí. Dress circle, ìpele àga tó tẹ̀ lé e lókè, ló sábà máa ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Upper circle àti balcony, àwọn ìpele tó ga jù, ẹ má dán an wò rárá pẹ̀lú orúnkún Mama, àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀, ó sì dà gẹ̀rẹ́, ọ̀pọ̀ ni ò sì ní lífítì tó dé ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ni tíkẹ́ẹ̀tì ti máa ń rọjú jù, òun ni èèyàn fi ń kó sí i.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí app. Ẹ pe ilé ìṣeré náà lórí fóònù, ẹ ní ẹ fẹ́ bá àwọn access, àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí ara ẹ̀ ò le, sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún wọn pé ìyá yín ò lè gun àtẹ̀gùn. A ní i lákọsílẹ̀, iye àtẹ̀gùn tó wà láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìlà àga kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ ilé ló tún máa ń dín owó kù fún ẹni tí ara ẹ̀ ò le àti ẹni tó bá tẹ̀ lé e, àmọ́ ẹ máa béèrè ni, wọn kì í pariwo ẹ̀.

Ẹ lọ lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́sẹ̀ ni àwọn òṣèré West End sábà máa ń ṣe eré kan náà, alẹ́ mẹ́fà, ọ̀sán méjì. Ọ̀kan nínú ọ̀sán yẹn máa ń jẹ́ Saturday, ìkejì á bọ́ sí Wednesday tàbí Thursday, aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ti àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni kí ẹ mú, àwọn àgbàlagbà ló máa ń kún ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sáré, owó ẹ̀ náà sì máa ń rọ̀ ju ti Saturday lọ.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún Mama tẹ́lẹ̀. Tí eré bá dé ìdajì, iná á tàn, irin ńlá kan á rọra máa sọ̀kalẹ̀ láti òkè títí á fi bo gbogbo ojú ìtàgé pátá. Eré ò tíì parí o. Òfin ni, a gbọ́dọ̀ sọ irin yẹn kalẹ̀ níṣojú èrò kí wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ iná. Ní 1887 iná jó Theatre Royal tó wà ní Exeter nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, èèyàn 186 ló bá a lọ, látìgbà náà ni òfin ààbò ilé ìṣeré ti le gan-an nílẹ̀ yìí. Mo ti rí bàbá kan tó gbé báàgì ẹ̀ tó wọ kóòtù tó ti ń lọ sílé nígbà tí irin yẹn bọ́ sílẹ̀, èmi ni mo sáré lọ dá a padà. Àkókò ìsinmi yẹn kì í sábà ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ, bẹ́ẹ̀ ìlà ilé ìtọ̀ àwọn obìnrin máa ń gùn dé àtẹ̀gùn, tí iná bá ti tàn báyìí kí Mama dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ti Mousetrap, mi ò ní fọwọ́ sí i fún Mama. Mo fẹ́ràn eré yẹn o. 1952 ló bẹ̀rẹ̀, ó kó dé St Martin's Theatre ní 1974, ó wà níbẹ̀ dòní, àrùn Kòrónà nìkan ló dá a dúró láti March 2020 di May 2021. Ṣùgbọ́n inú pálọ̀ kan ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé e ró látòkè délẹ̀, ẹni tí gbólóhùn méjì bá ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ò ní mọ bí wọ́n ṣe mú apànìyàn náà. Tí wọ́n bá wá parí, wọ́n á bẹ gbogbo èrò pé kí wọ́n má sọ ẹni tó pààyàn fún ará ìta. Bẹ́ẹ̀ Mama á fẹ́ fi eré tí wọ́n wò ṣe ìròyìn dé Ìbàdàn.

Ọmọ_Alárìnjò

Aṣọ́nà ti sọ òkodoro ọ̀rọ̀, ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, èmi á sì tẹnu mọ́ ọn pé ilé tó bá Mama yín mu ni Shakespeare's Globe ní Bankside, etí odò Thames. Tíátà tí wọ́n bá dàgbà, òṣèré ń rí èrò, èrò ń rí òṣèré, inú ìmọ́lẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn wà, òṣèré á dá orin, èrò á gbè é. Nínú ọ̀pọ̀ ilé West End wọ́n á pa iná mọ́ èrò lórí, gbogbo èèyàn á dákẹ́ sínú òkùnkùn, òṣèré nìkan ló wà nínú ìmọ́lẹ̀, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ dàlú rú nìyẹn. Globe ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òrùlé láàárín ẹ̀, tí ẹ bá lọ lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí Hamlet náà ló wà lórí yín. Ìtàgé náà yọ wá sáàárín èrò, àwọn tó dúró nílẹ̀ á gbé ìgùnpá lé etí ẹ̀, òṣèré á máa wo ojú wọn bá wọn sọ̀rọ̀, tó bá bi wọ́n ní ìbéèrè tí ẹnì kan dá a lóhùn, ó máa ń lò ó ni, kì í bínú. Bí èèyàn 700 ló lè dúró níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró yẹn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti £5. Kí àwọn ọmọ yín dúró níbẹ̀, kí ẹ̀yin àti Mama jókòó lókè wọn.

Globe ti àkọ́kọ́, 1599 ni wọ́n kọ́ ọ, ó jóná ní 1613 nígbà tí wọ́n yin ìbọn àgbá nínú eré Henry VIII, iná ran koríko orí òrùlé. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà kan, Sam Wanamaker, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ jà fún un, 1993 ló kú, ilé náà ṣí ní 1997, koríko náà ni wọ́n tún fi bò ó.

Wàyí o, Yorùbá ti dún lórí ìtàgé yẹn rí. Ní 2012 wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ òṣèré jọ láti ibi gbogbo láyé, eré Shakespeare 37 ní èdè 37, Renegade Theatre láti Èkó ló ṣe tiwa, Wọlé Oguntokun ló darí wọn. The Winter's Tale ni wọ́n mú, wọ́n pè é ní Ìtàn Ògìnìntìn. Ọba tó wà nínú eré yẹn, tó ń jowú títí tó fi gbà pé ọ̀rẹ́ òun ló fún ìyàwó òun lóyún, Ṣàngó ni wọ́n fi ṣe. Ìyàwó, Ọya. Ọ̀rẹ́, Ògún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Òyìnbó ti ń bèèrè tipẹ́ pé kí ló dé tí ọba yẹn kàn ṣàdédé ń jowú láìsí ẹ̀rí kankan, àmọ́ èyí tó bá gbọ́ pé ọwọ́ Ògún ni Ṣàngó ti gba Ọya mọ ìdí tí ọkàn ẹ̀ ò lè balẹ̀.

Torí náà ẹ má bẹ̀rù Shakespeare nítorí èdè. Èdè yẹn le fún ọmọ òyìnbó gan-an, ọ̀pọ̀ wọn tó jókòó tì yín ò gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ìtàn ni kí Mama kọ́kọ́ mọ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́, ẹ sọ ìtàn eré náà fún wọn ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ má fi òpin ẹ̀ pamọ́. Ẹni tó ń lọ wo Ọba Kòso ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Ṣàngó máa já sí kó tó jáde nílé, bí wọ́n ṣe máa ṣe é ló ń lọ wò. Macbeth: àjẹ́ mẹ́ta pàdé jagunjagun lójú ọ̀nà, wọ́n ní á jọba, ìyàwó ẹ̀ ń tì í títí ó fi pa ọba tó wá sùn nílé wọn. King Lear: bàbá pín gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ fún àwọn ọmọ obìnrin nígbà tó ṣì wà láyé, wọ́n lé e síta nínú òjò. Èwo ni Mama ò ní mọ̀ nínú ẹ̀? Ohun tó yẹ kí ẹ sá fún ni àwọn eré àwàdà ẹ̀ tó jẹ́ pé orí fífi ọ̀rọ̀ dárà ni gbogbo ẹ̀rín inú ẹ̀ dá lé, Love's Labour's Lost àti irú ẹ̀, ìyẹn á sú wọn.

Ọ̀dọ́_Southwark

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Alárìnjò, mi ò fara mọ́ Globe fún ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn. Pákó lásán ni àga ibẹ̀, kò ní ẹ̀yìn, àfi tí ẹ bá rí ìlà tó kẹ́yìn tí ẹ lè fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n ń yá èèyàn ní tìmùtìmù, owó ni. Lóṣù kẹfà náà atẹ́gùn lè tutù gan-an létí odò yẹn. Tí òjò bá dé eré ò dúró, òótọ́ ni pé òrùlé wà lórí àwọn tó jókòó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ á tutù jìnnìjìnnì torí wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí agboòrùn. Bàálù náà ń kọjá lókè, tó bá kọjá báyìí gbólóhùn òṣèré kan ti lọ nìyẹn.

National Theatre ní South Bank lèmi máa mú wọn lọ. 1963 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Laurence Olivier ni olùdarí àkọ́kọ́, Old Vic, ilé ìṣeré míì, ni wọ́n ti ń ṣeré kí ilé tiwọn tó ṣí ní 1976. Kọnkéré lásán ni ìta ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n lífítì wà, àyè wà nísàlẹ̀ tí ẹ lè jókòó sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bi yín ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ìtàgé mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, Olivier, Lyttelton àti Dorfman. Olivier ni kí ẹ wá, ó ń gba èèyàn tó lé ní 1,000, tíátà àtijọ́ ti Epidaurus ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n wò kọ́ ọ, àwọn àga rọ̀gbà yí iwájú ìtàgé ká, ibikíbi tí ẹ bá jókòó sí ẹ máa rí òṣèré dáadáa.

Ibẹ̀ ni David Oyelowo ti ṣe Coriolanus, eré Shakespeare kan, ní 2024. Ọmọ Yorùbá tó lo ìgbà kékeré ẹ̀ ní Èkó. Òun náà ni Royal Shakespeare Company (RSC) fi ṣe Henry VI ní 2000, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ yẹn máa fi ṣe ọba Gẹ̀ẹ́sì nínú eré Shakespeare, ariwo pọ̀ nígbà náà, àwọn kan ní kò yẹ kí dúdú ṣe ọba wọn. Ó ṣe é, ó sì gbàmì ẹ̀yẹ lórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà Chiwetel Ejiofor gba Olivier Award, àmì ẹ̀yẹ tíátà London, ní 2008 fún Othello tó ṣe ní Donmar Warehouse, Ṣọpẹ́ Dìrísù ṣe Coriolanus fún RSC ní 2017. Tí ẹ bá ń wá eré fún Mama, ẹ wo orúkọ àwọn òṣèré náà, kì í ṣe orúkọ eré nìkan. Kí wọ́n rí ọmọ wa tó dé adé lórí ìtàgé ńlá yẹn, tí èèyàn 1,000 dákẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ ọ, mi ò rò pé oorun á kùn wọ́n.

Ní ti èdè, ẹ bèèrè ọjọ́ tí captioned performance bá wà. Wọ́n á gbé skrín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ohun tí òṣèré ń sọ á máa jáde lórí ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àwọn tí etí wọn ò gbọ́ dáadáa ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ẹ ní Mama ń ka òyìnbó ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ lọ, á wúlò fún wọn gan-an. National Theatre tún máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo Friday fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Friday Rush ni wọ́n ń pè é, kíá ló máa ń tán.

Àgbà_Manchester

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Ohun tí àwọn àbúrò mi sọ dára, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ kí ìyá rẹ wá sí ilẹ̀ yìí kí wọ́n sì padà láìmọ̀ pé eré tiwa náà ti dé orí ìtàgé wọn tipẹ́. Ní 1965, nígbà Commonwealth Arts Festival, Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kòso wá sí Britain, Ọba Kòso tí ìyá rẹ ń kì ní kíṣìnì yẹn gan-an. Nígbà ayẹyẹ yẹn kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe The Road ti Wọlé Ṣóyínká ní Theatre Royal Stratford East. Stratford inú London ni mò ń wí o, kì í ṣe ìlú Shakespeare. Láti 1884 ni ilé yẹn ti wà, ó ṣì ń ṣeré dòní, tíréènì DLR ló máa gbé yín láti Woolwich Arsenal dé Stratford. Mú ìyá rẹ dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, kó o sì ya fọ́tò wọn níbẹ̀, ó sàn ju ti Buckingham Palace lọ lójú tèmi.

Mo wà nínú Royal Exchange níbí ní Manchester ní 1990 nígbà tí wọ́n ṣe Death and the King's Horseman, eré Ṣóyínká nípa Ẹlẹ́ṣin tó gbọ́dọ̀ bá ọba tó wàjà lọ, Phyllida Lloyd ló darí ẹ̀, obìnrin tó wá darí Mamma Mia! lẹ́yìn náà. Ilé ọjà òwú ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n wá gbé tíátà sáàárín gbọ̀ngàn náà, rìbìtì ni, èrò jókòó yí òṣèré ká, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Nígbà tí Ẹlẹ́ṣin ń bá àwọn obìnrin ọjà sọ̀rọ̀, mo ń rí i, mo sì ń rí ojú àwọn òyìnbó tó jókòó ní òdìkejì lẹ́yìn ẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀, ó ti dàgbà, ó fọwọ́ di báàgì ẹ̀ mú sórí itan, nígbà tí ìlù ń pe Ẹlẹ́ṣin tó ń jó lọ díẹ̀díẹ̀, orí obìnrin yẹn ń mì tẹ̀lé ìlù, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ibi tí èrò bá ti ń rí ara wọn nìkan ni irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú ẹni tó ní kí ẹ kọ́kọ́ yan ilé.

National Theatre ṣe eré yẹn ní 2009, Rufus Norris darí ẹ̀, Nonso Anozie ṣe Ẹlẹ́ṣin, Lucian Msamati kun ojú ní funfun ó ṣe Pilkings ajẹ́lẹ̀. Sheffield náà ṣe é ní Crucible ní February 2025 pẹ̀lú Utopia Theatre, Mojísọ́lá Kareem ló darí, Wálé Òjó ṣe Ẹlẹ́ṣin, Kẹ́hìndé Bánkọ́lé ṣe Ìyálọ́jà. Crucible yìí ni wọ́n ti ń gbá snooker àgbáyé láti 1977, ọ̀nà mẹ́ta ni èrò jókòó sí lára ìtàgé. Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ inú eré náà ti ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, Dúró Ládípọ̀ sì ti fi ṣe Ọba Wàjà kí Ṣóyínká tó kọ tiẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ bóyá wọ́n wò ó. Tí ẹ bá tún gbọ́ pé wọ́n ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, kódà kó jẹ́ Sheffield, ẹ wọ tíréènì.

Lórí ọ̀rọ̀ pé ìyá ń dá òṣèré lóhùn, má sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Àwọn òyìnbó náà kì í dákẹ́ látijọ́. Iná inú ilé ìṣeré kì í kú nígbà yẹn, èrò wá rí ara wọn bí wọ́n ṣe wá wo eré. Ìgbà tí gáàsì àti iná mànàmáná dé ni wọ́n rí ọ̀nà láti sọ èrò sínú òkùnkùn, Savoy Theatre ló kọ́kọ́ fi mànàmáná tan gbogbo ilé ní 1881. Àti pé wọ́n ṣì ní ibi kan tí wọ́n ti ń pariwo. Tí ìyá rẹ bá tún wá ní December, mú wọn lọ wo pantomime, eré àwàdà tí wọ́n ń ṣe nígbà Kérésìmesì, ti ilé ìṣeré Hackney Empire gbajúmọ̀ gan-an. Olè á máa yọ́ bọ̀ lẹ́yìn òṣèré, ọmọdé àtàgbà nínú ilé á fi gbogbo ohùn kígbe pé ó wà lẹ́yìn rẹ! Ibẹ̀ ni ìyá rẹ á ti rí i pé bí ìwà wọn ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ará_Woolwich

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá Manchester, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo pe màámi lórí fóònù lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo bi wọ́n ní Ọba Wàjà, wọ́n ní àwọn wò ó, bàbá àwọn ló gbé àwọn sọ́rùn kí àwọn lè rí i, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, káàdì fóònù mi tán lórí ẹ̀. Mo sọ fún wọn pé òyìnbó náà ń ṣe é níbí, wọ́n ní ta ló kọ́ wọn ní oríkì.

Mo ti pinnu. Globe ni a máa lọ, ní ọ̀sán àárín ọ̀sẹ̀, èmi àti màámi á jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn kí wọ́n lè fẹ̀yìn ti ògiri, àwọn ọmọ á dúró sílẹ̀. Ọ̀dọ́ Southwark ẹ má bínú, mo gbà pé National Theatre rọrùn fún ara, àmọ́ ẹni tó ń dá òṣèré lóhùn, ibi tí òṣèré ti máa dá a lóhùn padà ló yẹ kí n mú un lọ. Captioned yẹn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, tí agbára bá wà a máa ṣe é kí wọ́n tó padà. Aṣọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa rí ìlà ẹ̀yìn yẹn gbà, kí ni mo sì gbọ́dọ̀ mú dání?

Aṣọ́nà_Ìtàgé

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù bí mo ṣe sọ, ẹ ní ìyá yín ò lè gun àtẹ̀gùn, ẹ sì fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè fẹ̀yìn ti nǹkan. Gallery tó wà nísàlẹ̀ jù ni kí ẹ ní kí wọ́n wò fún yín. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, ìlà ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ tán torí gbogbo ẹni tó ti lọ rí ló ń wá a. Ẹ wá tìmùtìmù méjì fún Mama, ọ̀kan fún ìjókòó, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, kí ẹ sì mú súwẹ́tà àti ìborùn dání bí òòrùn bá tiẹ̀ ń ràn láàárọ̀. Ẹ tètè dé, ẹni tó bá pẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ní kó dúró sí títí eré á fi dé ibi tí wọ́n lè mú un wọlé. Kí àwọn ọmọ mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró jókòó sílẹ̀ tí eré bá ti ń lọ lọ́wọ́, ó sì lè tó wákàtí mẹ́ta, bàtà tó rọrùn ni kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n mú kóòtù òjò tó ní fìlà lọ́rùn.